Béèrè Lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Àgbà: Aró tó ń tàn nínú iṣan ẹ̀jẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti fẹnu ba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà lójú ìwé yìí ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé nípa "aró tó ń tàn". Mo mú méje nínú wọn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà wá: ọdún 27 ni mo fi ń gbé irinṣẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ abẹ ní tíátà kí n tó fẹ̀yìn tì. Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí mo kà ni mò ń sọ. Dókítà tí fáìlì yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lè sọ tiyín.

*

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Kókó kan wà nínú kíndìnrín òsì ìyá mi, ẹni ọdún 61. Wọ́n ní kókó yẹn nìkan làwọn máa yọ, àwọn á fi ìyókù kíndìnrín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, dókítà mìíràn á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba itan rẹ̀ wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, á fi ohun kan tó ń tàn dí àwọn iṣan tó ń bọ́ kókó náà. Ìdí tí wọ́n fi ń dí i yé mi díẹ̀. Kí ni títàn wá ń wá níbẹ̀? Ẹ̀rù ń ba ìyá mi. Èmi náà kàn ń ṣe bí akin lójú rẹ̀ ni. (Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin)

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Olúwa á fi àlùbáríkà sí i.

Kókó tó ń dàgbà máa ń mu ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Bí abẹ bá kàn án nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ya wọ inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á bo gbogbo ojú iṣẹ́, oníṣẹ́ abẹ ò sì ní rí ohun tó ń gé mọ́. Mo ti dúró níbi tí ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ti ń hó, tí mò ń ka gọ́ọ̀sì tó ti rin gbingbin, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, tí dókítà akunilóorun ń wojú mi láti apá orí aláìsàn tí kò sọ nǹkan kan. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gba inú iṣan lọ bá kókó náà kí ọ̀bẹ tó yọ rárá.

Ohun tí wọ́n fi ń dí i pọ̀ ní oríṣi. Ègé jẹlatíìnì wà, èyí tí ara máa yọ́ dànù fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wáyà pílátínọ́ọ̀mù wà, tó jẹ́ pé bó bá ti ń jáde lẹ́nu rọ́bà ló ń ká ara rẹ̀ jọ bí ìgbín. Àwọn hóró róbótó wà, tí èyí tó kéré jù nínú wọn kò ju ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Àtè náà wà, ẹbí súpà gúlù tí a fi ń lẹ nǹkan, tó ń gan bó bá ti fojú kan ẹ̀jẹ̀. Wọ́n máa ń po àtè yìí mọ́ Lipiodol, òróró hóró òdòdó pọ́pì tí wọ́n fi áyódíìnì sí, tó ti wà láti 1901. Áyódíìnì yẹn ló ń jẹ́ kí X-ray rí i.

X-ray ló rí i o. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Dókítà tó ń dí iṣan jókòó ti ẹ̀rọ X-ray, ó ń wo àtè náà bó ṣe ń wọ ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Nígbà tó bá wá di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹlòmíràn ló dúró níwájú kíndìnrín yẹn, ojú lásán ló sì ní. Kíndìnrín pupa, ó ń dán, kókó tó rì sínú rẹ̀ kò wú síta. Ta ni yóò sọ fún un pé ibí ló ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀hún ló parí sí? Wọ́n lè gbé ẹ̀rọ X-ray wọ tíátà, lóòótọ́. Mo ti wọ aṣọ òjé tí wọ́n ń wọ̀ fún ìtànṣán rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ rí, ẹ̀yìn mi ò tíì dárí jì mí títí dòní. Àwòrán rẹ̀ náà sì wà lójú tẹlifíṣàn, kò sí lára ẹran tí abẹ fẹ́ gé.

Aró tó ń tàn ni wọ́n fi ń di àlàfo yẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni indocyanine green, ICG la máa ń pè é. Ilé iṣẹ́ Kodak, àwọn oníkámẹ́rà yẹn náà, ló kọ́kọ́ ṣe é, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí lílò rẹ̀ fún ènìyàn ní 1959. Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ọkàn àti iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń fi wọ̀n nígbà náà. Bí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi 800 nanomítà sí i, á dá òmíràn padà tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, bíi 830. Ojú ènìyàn ò rí ìkankan nínú méjèèjì. Kámẹ́rà ló rí i, tó sì yí i sí àwọ̀ ewé fún wa.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lò ó. Ti àkọ́kọ́, wọ́n á fa aró sí aláìsàn lápá nígbà tí inú rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé á tàn, ibi tí wọ́n ti dí á ṣókùnkùn. Òkùnkùn yẹn ni wọ́n ń wá. Mo ti rí i láìmọye ìgbà, ó sì dára, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù: láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 4, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ti gbà á. Bí iṣẹ́ bá sì falẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ti ẹ̀gbẹ́ yọ́ wọ ibi tó ṣókùnkùn, ààlà á pòórá mọ́ oníṣẹ́ abẹ lójú.

Ọ̀nà kejì ni ti ìyá rẹ. Inú ohun ìdínà gan-an ni aró wà. Ibi tí wọ́n dí ló ń tàn, ìyókù kíndìnrín ló ṣókùnkùn. Kò sì tètè lọ, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbé e lọ náà ni wọ́n ti dá dúró. Ní 2019, àwọn dókítà kan ní Róòmù kọ nípa rẹ̀: wọ́n po ICG mọ́ Lipiodol, wọ́n rọ ọ́ sínú àwọn iṣan tó ń bọ́ irú kókó tó rì pátápátá sínú kíndìnrín, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi róbọ́ọ̀tì tẹ̀ lé àwọ̀ ewé yẹn yọ kókó, láìfi nǹkan de iṣan àlọ kíndìnrín. Ẹni tó bá ti rí bí gbogbo tíátà ṣe ń ka ìṣẹ́jú nígbà tí wọ́n bá de iṣan yẹn, tí kíndìnrín kò rí ẹ̀jẹ̀ mu, á mọ ohun tí èyí tó.

Dídí náà á dun ìyá rẹ. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dá máa ń ké: ìrora, ibà díẹ̀, kí èébì máa gbé e, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan. Oògùn wà fún gbogbo ìyẹn, kó má ṣe máa pa á mọ́ra nítorí pé ó fẹ́ ṣe aláìsàn dáadáa. Kí o sì béèrè pé wákàtí mélòó ni yóò wà láàárín dídí àti iṣẹ́ abẹ. Wọn kì í fẹ́ kó pẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ dà bí àgbàrá: bí o bá dí ojú kan, á la ojú mìíràn.

*

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tí wọ́n bá fa aró yìí sí lára á máa tàn lóru bíi tanátaná? Àbúrò mi ló gbọ́ ọ níbì kan, ó ní òun ò ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́. (B. T.)

Ẹ ní kí àbúrò yín mú rímóòtù tẹlifíṣàn, kó kọ ẹnu rẹ̀ sí kámẹ́rà fóònù tó fi ń ya ara rẹ̀, kó wá tẹ bọ́tìnnì èyíkéyìí. Lójú fóònù, á rí iná kékeré tó ń ṣẹ́jú. Kó wá fi ojú lásán wo ẹnu rímóòtù yẹn kan náà. Ṣé ó rí nǹkan kan? Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Tanátaná ń dá iná tirẹ̀ ni. Aró yìí ò ní iná kankan fúnra rẹ̀, ó dà bí àmì tó pamọ́ sára owó tí akápò báǹkì ń fi iná yẹ̀ wò: pa iná yẹn, àmì kú. Àní ní tíátà, àwa náà máa ń yí àwọn iná ńlá orí tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí kámẹ́rà tó lè rí i. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé ọ̀kan ní títàn, ojú tẹlifíṣàn funfun báláú, oníṣẹ́ abẹ wa sì bú mọ́ kámẹ́rà fún odindi ìṣẹ́jú kan kí n tó rántí. Mi ò sọ fún un.

Nǹkan mìíràn tó lè já ẹbí láyà: bí aró bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi há ìka aláìsàn láti wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Èémí kọ́ ló dá. Àwọ̀ aró ló dàrú mọ́ ẹ̀rọ náà lójú, á padà bọ̀ sípò láìpẹ́.

*

Ẹ káàsán mà. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì ni mí. Mo ń kà nípa èròjà tó lè dí iṣan, tó sì tún lè tàn fún oníṣẹ́ abẹ. Ó jọ pé ó rọrùn: kí wọ́n sáà da aró sínú àtè. Kí ló wá dé tí kò tíì kún gbogbo ilé ìwòsàn? (Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta)

Jẹ́ kí n fi àṣìṣe ara mi dá ọ lóhùn. Ọ̀sẹ̀ tí ICG kọ́kọ́ dé tíátà wa, èmi ni wọ́n ní kí n pò ó. Ìgò kékeré kan ni, mílígíráàmù 25, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tó ṣú dẹ̀dẹ̀. Omi iyọ̀ ló wà nítòsí, òun la sì fi ń po ọ̀pọ̀ nǹkan, ni mo bá fà á sínú abẹ́rẹ́. Dókítà akunilóorun, ọmọ tí mo lè bí, ló di ọwọ́ mi mú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ara ìgò." Omi abẹ́rẹ́ tí kò ní iyọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Iyọ̀ ń mú kí ẹyọ aró máa ṣù mọ́ra wọn, ICG tó bá sì ti ṣù kì í tàn dáadáa.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé bí aró ṣe pọ̀ tó kọ́ ló ń tàn tó. Bí wọ́n bá fún mọ́ra jù, ọ̀kan á máa gba agbára tí ìkejì fẹ́ fi tàn, gbogbo rẹ̀ á já sí ooru lásán. Wá fi ara rẹ sí ipò ẹni tó fẹ́ ṣe ohun ìdínà. Ohun ìdínà gbọ́dọ̀ ki, ó gbọ́dọ̀ ṣù, ó gbọ́dọ̀ gan. Ohun tó sọ ọ́ di ìdínà gidi náà ló ń pa iná rẹ̀.

Ní 2001, Ben Zhong Tang àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Hong Kong ròyìn àwọn èròjà tó ń ṣe òdìkejì: bí wọ́n bá yọ́ sínú omi tó gbà wọ́n, wọn ò tàn, bí wọ́n bá ṣù jọ, iná dé. Bó ṣe yé èmi nìyí, kí o tún un ṣe bí mo bá ṣì í sọ. Ẹyọ èròjà náà ní apá tó ń jù. Níbi tí àyè bá wà, ijó ló máa fi gbogbo agbára rẹ̀ jó. Há a mọ́ àárín èrò tí kò ti lè gbé apá, agbára yẹn ò ní ibòmíràn tó máa gbà jáde ju kó di ìmọ́lẹ̀ lọ. Àfi bí ẹni pé wọ́n dìídì ṣẹ̀dá rẹ̀ fún ohun ìdínà. Àwọn tó ń fi í ṣe hóró àti àtè lóde òní kò kéré, àwọn kan sì ń lé ìmọ́lẹ̀ tó kọjá 1000 nanomítà, nítorí ẹran ara kì í fọ́n ìyẹn káàkiri tó bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà sì lè tibẹ̀ wo inú jìn díẹ̀ sí i. Àwọn ègé kírísítálì wẹ́wẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023 náà ń tàn kedere, ṣùgbọ́n kádímíọ́ọ̀mù wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, májèlé ni. Èmi ò lè fẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ lára ẹni tí mo mọ̀.

Títàn nìkan kọ́ sì ni. Ohun náà gbọ́dọ̀ gba inú rọ́bà tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an kọjá láìgan sínú rẹ̀. Àtè tó bá gan láìtásìkò lè lẹ ẹnu rọ́bà mọ́ iṣan, ìgbà yẹn lo máa mọ̀ pé tíátà lè dákẹ́ rọ́rọ́. X-ray ṣì gbọ́dọ̀ rí i, torí ẹni tó ń dí i kò lè ríran láìsí i. Aró rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ máa jò sí ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ààlà tí oníṣẹ́ abẹ ń tẹ̀ lé á di irọ́. Ooru tàbí ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pa aró náà mọ́ ọn.

Mú Onyx bí àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ń lò nínú iṣan ọpọlọ. Ó ń dí iṣan dáadáa, ìyẹ̀fun táńtálọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ kí X-ray rí i kedere. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun yẹn dúdú bí èédú, iná mànàmáná tí a fi ń jó ojú iṣan pa lè mú kó ta pàrà, omi tí wọ́n fi yọ́ ọ sì máa ń mú kí aláìsàn máa rùn bí aáyù fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Kò sí ohun tó dé tíátà tí kò gbé ìṣe tirẹ̀ dání. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú èròjà tuntun tí ò ń kà nípa wọn fi ṣì wà lára ẹranko nínú yàrá ìwádìí, tó sì jẹ́ pé ICG àtijọ́ la ń rí lára ènìyàn.

*

Ara mi kọ áyódíìnì, ó ti wú mi lójú rí nígbà tí wọ́n ya mí ní fọ́tò X-ray. Ṣé mo lè gba aró yìí? (Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn)

Ẹ sọ fún dókítà akunilóorun kó tó di ọjọ́ náà, ẹ tún tún un sọ lórí tábìlì. Ìyẹ̀fun ICG tó wọ́pọ̀ ní sódíọ́ọ̀mù áyódáídì nínú, ó lè tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, Lipiodol sì rèé, áyódíìnì pọ́ńbélé ni. Wọ́n ń ṣe irú ICG kan tí kò ní i, ẹ bi wọ́n bóyá ó wà lọ́dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi áyódíìnì onítànṣán yẹ táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kan tó wà ní ọrùn yín, wò, kó tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ICG.

*

Nọ́ọ̀sì wa, wọ́n ní àwọn máa dí iṣan tó ń bọ́ fáíbírọ́ìdì mi. Mo bi wọ́n léèrè ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kò sí. Ṣé wọn ò ti gbàgbé mi báyìí? (Ìyá ọlọ́mọ méjì)

Wọn ò gbàgbé yín. Ní Paris, dókítà Jacques Ravina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń dí iṣan fáíbírọ́ìdì kí ẹ̀jẹ̀ má baà pọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ara àwọn obìnrin kan wá yá débi pé wọn ò nílò iṣẹ́ abẹ mọ́, kókó náà ń súnkì fúnra rẹ̀. Ní 1995 ni wọ́n kọ ọ́ jáde. Ohun tí wọ́n pè ní ìpalẹ̀mọ́ ló di ìtọ́jú. Ẹ ṣáà má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ àyẹ̀wò yín kọjá, bí ibà ńlá tàbí omi tó ń rùn bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ yẹn.

*

Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìfun ìyàwó mi kò lo iná yìí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ pé ó wà ni. Ṣé wọn ò rẹ́ wa jẹ? (Bàbá tínú ń bí)

Ẹ rọra, sà. Báwo lara ìyàwó yín? Ẹ ò sọ, mo sì ń rò pé ó yá.

Kámẹ́rà yẹn kì í rí ju mìlímítà 5 sí 10 sínú ẹran ara lọ. Bí ọ̀rá bá bo ibẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá dà sí i, kò rí nǹkan kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé etí ìfun tí wọ́n fẹ́ rán pọ̀, ó lè fi hàn. Bóyá ẹni tó ń rán an mọ ọwọ́ lò, kò lè fi ìyẹn hàn. Àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ mi kò ní kámẹ́rà yìí. Wọ́n á wo àwọ̀ ìfun, wọ́n á fọwọ́ kan iṣan bóyá ó ń lù, wọ́n á gé etí rẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n rí i bóyá ẹ̀jẹ̀ pupa yóò yọ. Mo fẹ́ràn iná náà. Bí wọ́n bá fẹ́ dí iṣan fún èmi lọ́la, màá béèrè fún un. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú ọwọ́ àgbà oníṣẹ́ abẹ àti iná, ẹ mọ èyí tí màá mú.

*

Ẹ jọ̀ọ́ mà, kíákíá. Wọ́n fa aró sí ọkọ mi lápá láti ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ara rẹ̀ ti pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ṣé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kọ́ ni? (Ìyàwó tó ń sáré)

Mo ti fi fóònù dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn á fẹ́ mọ̀. Èyí kì í ṣe ICG, fluorescein ni, aró tí Adolf von Baeyer ṣe ní Jámánì ní 1871. Kíndìnrín ló ń gbé e jáde, ìdí tí ìtọ̀ fi pọ́n nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ló ń gba ICG ní tirẹ̀, inú òróòro ló ń dà á sí, ìtọ̀ kì í pọ́n nítorí rẹ̀. Kó máa mu omi dáadáa. Láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀, á ti lọ. Bí ara bá ń yún un, tí ètè rẹ̀ wú tàbí tí èémí ń há a, ẹ gbé e padà lọ lójú ẹsẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kẹta tí ìtọ̀ rẹ̀ ṣì pọ́n, ẹ̀dọ̀ tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.